Ìwé ìtàn nípa ẹgbẹ́ obìnrin tí kò túká: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé?

Àwọn àgbà wa ti fi òwe méjì dí ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kò gba ẹlẹ́ta, ẹlẹ́jì ni ọ̀rẹ́ ń gbà. Wọ́n tún ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí ẹnìkan bá wá jókòó kọ ìwé ìtàn àròsọ nípa obìnrin mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe tí ó sì bá wọn dàgbà, òwe méjèèjì yìí ni ó ń bá wọ̀jà, yálà ó gbọ́ Yorùbá tàbí kò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ohun kan ṣáájú ohun gbogbo nígbà tí mo bá fẹ́ yan irú ìwé bẹ́ẹ̀: kí ni òǹkọ̀wé fi so àwọn obìnrin náà pọ̀, ṣé ó sì jẹ́ kí a fojú ara wa rí ibi tí okùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já? Ìwé tí okùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já rárá, irọ́ ni ó ń pa fún wa.

Àwa mẹ́sàn-án ni a máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Lawanson, ní Sùúrùlérè. Àjọ ni a kọ́kọ́ ń dá, ìwé kíkà ló dé bá a lẹ́yìn. Ọjọ́ orí wa kò dọ́gba: èyí tó kéré jù nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, Alhájà tó dàgbà jù sì ti ní ọmọ-ọmọ ní yunifásítì. Àwọn kan nínú wa ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní ń mu omi, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí a máa túmọ̀ rẹ̀ bí a ti ń kà á. Nítorí náà, ìfiwéra yìí kì í ṣe ti olùkọ́ àgbà ní yunifásítì. Ti ẹni tí wọ́n ní kó yan ìwé kan ṣoṣo lóṣù fún obìnrin mẹ́sàn-án tí ohun tó wù wọ́n kò pa pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn ìwé ẹlẹ́jì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ni àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ ní kété tí a bá béèrè ìwé nípa ọ̀rẹ́ láàárín obìnrin. So Long a Letter tí Mariama Bâ, ọmọ orílẹ̀-èdè Senegal, kọ ni ó tín-ín-rín jù nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ dárúkọ, ó sì wúwo jù lọ́kàn ẹni tó kà á. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́. Ó jáde ní ọdún 1979, ó gba ẹ̀bùn Noma fún ìwé tí a tẹ̀ ní Áfíríkà ní ọdún 1980, ẹni tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni Modupé Bodé-Thomas, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí etí wa níhìn-ín. Ramatoulaye ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó. Bí ó ti wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù là sílẹ̀ fún opó, ó ń kọ lẹ́tà sí Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ ìyàwó kejì lé wọn. Aissatou kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, Ramatoulaye dúró. Kò sí èyí tó fi ìpinnu èkejì bú u, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára ìwé náà wà.

Nígbà tí a ń kà á, a dé ibi tí Ramatoulaye ti ń sọ bí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń wọ ọkọ̀ èrò kiri lẹ́yìn tí ọkọ ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tuntun, títí Aissatou fi ra mọ́tò Fiat 125 fún un. Alhájà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, ó ní kí n padà sórí gbólóhùn náà. Mo tún un kà. Ó ní, “Ta ló ra mọ́tò? Ọ̀rẹ́ rẹ̀? Tí kì í ṣe ọkọ, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n?” Ìyá Ṣọlá tó ń ta léèsì ní Balógun dá a lóhùn pé, “Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni o, Alhájà.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó lè tẹ̀síwájú, nítorí pé oníkálukú ti ń fi ọkàn ka àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo èyí tó lè ra kẹ̀kẹ́ lásán.

Ìwé ẹlẹ́jì kejì ni Everything Good Will Come tí Sefi Atta kọ, tí ó jáde ní ọdún 2005 tí ó sì gba ẹ̀bùn Wole Soyinka fún lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìlú Èkó ni ìbùdó ìtàn náà; ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, nígbà tí Enitan àti Sheri jẹ́ ọmọdé ní Ìkòyí. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tí ẹ óò ti máa rí òpópónà tí ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́, òun ni kí ẹ mú. Ti Elena Ferrante, tí ó sọ ìtàn obìnrin méjì ní ìlú Naples nínú ìwé mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn láti ọdún 2011 sí 2014, wà fún ẹni tó ní sùúrù. Èmi ní in. Ẹgbẹ́ wa kò ní in. Ṣùgbọ́n ìwé ẹlẹ́jì kò bá òwe àkọ́kọ́ jà rárá, ṣe ni ó ń tì í lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa.

Nínú àwọn ìwé tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ní tòótọ́, méjì wà tí ó yẹ kí ènìyàn gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó tó yan ọ̀kan, nítorí pé ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Women Are Different tí Flora Nwapa ti Ògúta kọ, ẹni tí a mọ̀ jù fún Efuru ti ọdún 1966. Ọdún 1986 ni Women Are Different jáde láti Tana Press, ilé ìtẹ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Enugu. Èkejì ni Jollof Rice and Other Revolutions tí Omolola Ijeoma Ogunyemi kọ, tí ó jáde ní ọdún 2022. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe pàdé ara rẹ̀: ọdún 1986 tí ìwé Nwapa jáde náà ni àwọn ọmọbìnrin inú ìwé Ogunyemi ṣe ìfẹ̀hónúhàn ní ilé-ìwé wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ìyá ń kọ ìwé lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ń dá wàhálà sílẹ̀ ní bọ́ọ̀dìn.

Nwapa mú Rose, Agnes àti Dora láti ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ní ẹkùn Port Harcourt, ó sì tẹ̀ lé wọn gba ìgbéyàwó, ogun abẹ́lé, owó epo àti Èkó kọjá, títí ìtàn fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn obìnrin. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà kò sì kún tó. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ́ ọmọlúàbí obìnrin, bí a ṣe ń pa ara ẹni mọ́ de ọkọ rere. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ohun tí a ń ṣe bí ọkọ rere bá wọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò sì padà gẹ́gẹ́ bí ó ti lọ. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ti wá kọ́ ìyẹn. Agnes tí wọ́n fún ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ bí, Dora tí ó ń ṣe búrẹ́dì tí ó fi tọ́ ọmọ, Rose tí ọkùnrin fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀: oníkálukú ń mú ọ̀ràn tirẹ̀ wá síwájú àwọn yòókù, wọn kò sì bi í pé kí ló dé tí kò kọ́gbọ́n.

Àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí n fi pamọ́. Nwapa ń yára. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá láàárín gbólóhùn méjì, bí ìgbà tí ẹ bá pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ ní ibùdókọ̀ tó ń ròyìn ohun gbogbo fún yín kí ọkọ̀ tirẹ̀ tó gbéra. Àwọn tó fẹ́ kí òǹkọ̀wé dúró, kí ó ṣe àpèjúwe yàrá, kí ó sọ irú omi tó wà lójú ẹ̀dá ìtàn, máa ń ráhùn. Ní tèmi, ìyára yẹn wù mí, nítorí pé bí ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn: a kì í wà papọ̀ lójoojúmọ́, ìròyìn ni a fi ń bá ara wa lò.

Ọ̀nà tí Ogunyemi gbà yàtọ̀. Ìtàn kéékèèké mẹ́wàá tó wọ inú ara wọn ni ó kọ, wọn kò sì tò tẹ̀lé ara wọn bí ìtàn kan ṣoṣo: àkọ́kọ́ nínú wọn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1897, èyí tó jìnnà jù sì lọ sí ọdún 2050. Nonso, Remi, Aisha àti Solape ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó wà láàárín. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni ó so wọ́n pọ̀ bí ti àwọn Rose, bí kò ṣe ohun kan tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí èrè rẹ̀ kò sì tán lára wọn. Ìyẹn ni mo gbà pé ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ ni ó jẹ́ pé àṣírí ni ìpìlẹ̀ wọn, ìfẹ́ ló wá dé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó pọ̀ kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ ní gbogbo orí yóò já kulẹ̀, torí pé ìtàn kan lè jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, kí àwọn yòókù máà yọjú.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni yóò kà á, ìwé Ogunyemi rọrùn ju ti Nwapa lọ. Ìtàn kan tó fún ìjókòó kan. Ẹni tí kò wá lóṣù tó kọjá kò pàdánù ohun tí kò lè bá. Àgùnbánirọ̀ wa sì kà á tán lórí afárá Third Mainland láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò kà á, tí ẹ sì ti lé ní ogójì ọdún, ẹ mú Nwapa.

Ìkejì nínú àwọn tí mo fẹ́ fi wé ara wọn kò ní gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Waiting to Exhale tí Terry McMillan kọ ní ọdún 1992 wà ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà. Savannah, Bernadine, Robin àti Gloria ni orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló sì ń dán wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ Bernadine já a sílẹ̀ nítorí obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń bá a ṣe ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀. Gloria tó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé náà ń pani lẹ́rìn-ín, ẹnu àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò sì ní ìjánu, ojú ìwé kan wà tí mo ń túmọ̀ fún Alhájà tí mo fò ní gbólóhùn mẹ́rin, ó sì ní, “O ti fo nǹkan.” Wahala tí Nikki May kọ, tí ó jáde ní ọdún 2022, mú wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ Ronke, Simi àti Boo, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá wọn sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí McMillan ti gbé ìdánwò sí ọwọ́ ọkùnrin, obìnrin kẹrin ni May gbé tirẹ̀ lé lọ́wọ́: Isobel, olówó, tí ó fi ẹ̀bùn àti ọ̀rọ̀ dídùn wọlé, tí ó sì ń tú àwọn mẹ́ta náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti rí bí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ṣe ń da ẹgbẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rú kò ní bèèrè pé ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ìparí rẹ̀ ti yá jù, ó sì jọ fíìmù ju ìgbésí ayé lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé e sílẹ̀ láì kà á tán nínú wa. Ẹ mú Wahala bí ẹgbẹ́ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Ẹ mú McMillan bí kò bá sí ọmọdé nítòsí.

Ohun tó kù ni ọ̀ràn owó àti ipò, tí àwọn ìwé tí mo ti dárúkọ wọ̀nyí kàn fi ọwọ́ kàn díẹ̀díẹ̀. Dream Count tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní ọdún 2025 ni ó gbé e sójú táyé. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú: Chiamaka tó ń kọ̀wé nípa ìrìn àjò, tí ìsémọ́lé àrùn kòrónà ká mọ́ Amẹ́ríkà, Zikora ọ̀rẹ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò, Omelogor ìbátan rẹ̀, tó rí owó ńlá nínú iṣẹ́ báńkì ní Àbújá, àti Kadiatou, ọmọ Guinea, tó ń bá Chiamaka tọ́jú ilé. Ìjà ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù wa lórí Kadiatou. Ǹjẹ́ ẹni tí o ń san owó oṣù fún lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ? Ìyá Ṣọlá ní rárá, àánú ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí òun náà ti fi ọdún mẹ́jọ jẹ́ ọmọṣẹ́ nílé ẹlòmíràn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní ọ̀gá òun ló kọ́kọ́ wá kí òun nígbà tí òun bímọ, kí àwọn tí òun ń pè ní ọ̀rẹ́ tó dé. Mo gba ti àwọn méjèèjì. Ìwé náà kò sì dá ẹjọ́ yìí fún wa. Ohun tí mo lè fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú ni pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi bẹ́ẹ̀ jókòó pọ̀ lójú kan, oníkálukú wà nínú abala tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ó ti kọjá lára rẹ̀. Ó sì gùn, ó tó 400 ojú ìwé. Oṣù méjì ni kí ẹ fún un.

Èyí tí n óò fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ya àwọn kan lẹ́nu, torí pé kò sí Adúláwọ̀ kankan tí ìtàn náà dá lé lórí. The Joy Luck Club tí Amy Tan kọ ní ọdún 1989 dá lórí àwọn ìyá mẹ́rin tí wọ́n ti ilẹ̀ Ṣáínà wá sí San Francisco, tí wọ́n máa ń pàdé láti ta ayò mahjong, láti jẹun, àti láti da owó pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Suyuan, kú. Àwọn mẹ́ta tó kù sì ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá jókòó sí àyè ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì. Ní ìparí ìjókòó yẹn, wọ́n fi ìwé sọ̀wédowó 1,200 dọ́là lé e lọ́wọ́, kí ó fi wọkọ̀ lọ sí Ṣáínà lọ wá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìbejì tí ìyá rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ohun tí a ní láti túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀. Olójú méjì ni àwọn àjọ tí a ti dá rí: èyí tí a ń kó fún ara wa, àti èyí tí a ń kó nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá kú tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́. Ìwé náà jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kọjá ikú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, nítorí náà òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ bí ó bá jẹ́ pé ìfaradà ni ẹ ń wá. Ìtàn rẹ̀ máa ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn ìyá mẹ́rin àti ọmọ wọn mẹ́rin. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò máa da ìyá àti ọmọ pọ̀ títí dé ìdajì.

Wọ́n máa ń bi mí pé ti Yorùbá ń kọ́? Mo wá a, inú mi kò dùn sí ohun tí mo rí. Nínú Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, ìwé tí ọ̀pọ̀ wa kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, obìnrin mẹ́ta ni ó wà nídìí ìtàn, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ṣùgbọ́n Àjàní ni ó so wọ́n pọ̀. Orogún tí kò tíì dé ilé ọkọ ni wọ́n fún ara wọn. Ìwé tó dùn ni, kì í ṣe ìwé tí a ń sọ. Ẹgbẹ́ obìnrin kún ọjà wa, ó kún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó kún gbogbo òde ìnáwó tí a ti ń wọ àǹkóò. Ó yẹ kí ẹnìkan fi èdè wa kọ ìtàn wọn ní odidi ìwé.

Ní ti rírà, àwọn ìwé tuntun bíi Dream Count àti Wahala kò ṣòro láti rí ní àwọn ilé ìtàwé ní Ìkòyí àti Victoria Island. Jazzhole ní Awolowo Road jẹ́ ibi tí ènìyàn lè jókòó kó fi ara balẹ̀ yẹ ìwé wò. So Long a Letter pọ̀ nínú ìwé tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ní Yábàá àti ní abẹ́ afárá Òjúẹ̀lẹ́gbà. Women Are Different ni ó nira. A fi oṣù mẹ́ta wá a kí a tó rí ẹyọ kan lọ́wọ́ oníwé tòkunbọ̀ kan, èèpo rẹ̀ ti yọ, ó sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. A ná an, a san owó, a kò sì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ máa yẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn wò kí ẹ tó sanwó o, nítorí pé nígbà tí a kà á dé ìparí ní ọjọ́ Sátidé náà, ojú ìwé mẹ́fà ti já kúrò.

Alhájà kò jẹ́ kí a tú ká. Ó ní òun yóò parí rẹ̀ fún wa, ó sì parí rẹ̀: ó kó Rose, Agnes àti Dora padà sí ilé-ìwé wọn, ó ní wọ́n lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní ohun tí wọn kò kọ́ àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ Ìyá Ṣọlá rí ìwé náà ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Akọkà, ó ya àwòrán ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Alhájà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní ti òun dára jù.